Ilé Rọ́bà tí Bàbá Wọlé-Wọlé Kọ́ sí Pálọ̀ Onípálọ̀

Níjọ́ fídáù Bàbá Àgbà, Ààfáà tuntun dìde, ó ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá, ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo wo ìyá mi, ìyá mi náà wò mí, àwa méjèèjì bá dorí kodò kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu wa níbi àdúà. Jẹ́jẹ́ kẹ̀? Bàbá tó jẹ́ pé tí àwọn obìnrin àdúgbò wa ní Ẹ̀gbẹ́dá bá gbúròó ọ̀pá wọn lójúde, kálukú á sáré lọ bo ìkòkò rẹ̀? N ò bá Ààfáà wí jàre. Kò tíì pẹ́ tó dé àdúgbò, ohun tí a bá sọ fún un ló ń tún sọ. Àmọ́ èmi bá Bàbá gbé láti kékeré títí irun funfun fi yọ sí àgbọ̀n èmi náà, n ò sì lè máa wòran kí wọ́n sọ Bàbá di ẹni jẹ́jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kú tán. Ìyẹn á dà bíi pé a tún sin wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni Jímọ̀. Àkọ́bí Bàbá lóbìnrin ló bí mi. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe ní Command lọ́nà Ìpájà, ìwé tí mo kà ò sì pọ̀ ju èyí tí mo fi ń ka ara gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì lọ. Àwọn ọmọ àbúrò mi tó ń pè mí ní Ọ́ńkù ló ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa Bàbá. Àwọn tó kàwé nínú ìdílé wa ò gbé ọ̀dọ̀ Bàbá rí. Fọ́tò Bàbá ni wọ́n mọ̀, Bàbá ò sì bínú rí nínú fọ́tò.

Ohun kan ṣoṣo ló jẹ Bàbá lógún títí wọ́n fi kú: kí ẹnìkan fi ẹnu ara rẹ̀ pe àwọn ní onílé. Kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe Mẹ́kà. Onílé. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ ohun tí mò ń sọ. Níbí, o lè tọ́ ọmọ kí gbogbo wọn yanjú, o lè ṣiṣẹ́ ìjọba kí o má mú abẹ́rẹ́ kan lọ sílé, tí o bá kú, ohun tí àwọn èèyàn á máa bi ara wọn lábẹ́ kánópì ni pé, “Bàbá yẹn tiẹ̀ kọ́lé ṣá?”

Ẹ wá wo irú iṣẹ́ tí Bàbá fi ayé wọn ṣe. Wọlé-wọlé ni wọ́n. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè máà mọ̀ wọ́n: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba aláṣọ kakí tó máa ń wọ ilé onílé láìkan ìlẹ̀kùn, tí wọ́n á ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú ẹ̀, tí wọ́n á yọjú sí ṣalángá, tí wọ́n á sì fi ìwé lé ẹni tó bá dọ̀tí lọ́wọ́. Ilé tí Bàbá wọ̀ láti Agége dé Ìpájà dé Ìkòtún kò lóǹkà. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tiwọn nínú ẹ̀. Rúùmù kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá láti ìgbà tí ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, nínú ilé ẹlòmíì.

Ìjọba fẹ̀yìn Bàbá tì, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún ojú wọn. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó bímọ, ó pe Bàbá síbi ìsọmọlórúkọ, ó gbé àga fún wọn níwájú. Bàbá ò jókòó. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìgbà tí wọ́n máa padà, Ààfáà ti la ẹnu láti dárúkọ ọmọ.

“Ìwọ,” ni Bàbá wí fún bàbá ọmọ, “ṣé o mọ̀ pé kànga ẹ sún mọ́ ṣalángá jù?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ń sọmọ lórúkọ.”

“Mo rí i. Orúkọ wo lẹ fẹ́ sọ ọ́?”

Ẹnu ya ọmọkùnrin náà. Kò tíì dáhùn tí Bàbá fi jókòó, tí wọ́n na ọwọ́ sí ìrẹsì.

“Ẹ kúkú sọ ọ́ ní Onígbáméjì, kó ti mọ ẹni tó ń bọ̀ wá bá a.”

Báyìí ni Bàbá ṣe jẹ́jẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ bíríkì rọ́bà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àbúrò mi mú ọmọ rẹ̀ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà gbé àpò ohun ìṣeré kan wá. Ẹ mọ̀ ọ́n: ike pélébé-pélébé, pupa, funfun, yẹ́lò, tó ní kókó róbótó-róbótó lórí, tí èèyàn fi ń kan ara wọn mọ́ra títí yóò fi di ilé tàbí mọ́tò. Àwa ń pè é ní bíríkì rọ́bà. Ọmọ náà kọ́ ilé kékeré kan sáàárín pálọ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Bàbá jí lójú oorun ọ̀sán, wọ́n wá dúró lé e lórí.

“Ta ló kọ́ èyí?”

“Èmi ni, Bàbá Àgbà.”

“Ilé ìdáná ńkọ́?”

Ọmọ náà fi ìka han ibì kan.

“Ṣalángá ńkọ́?”

Ọmọ yí ilé náà ká, ó ń wá a.

“Àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ á máa lọ sínú igbó ni, àbí?”

Ẹkún ló bú sí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa jáde láti yàrá, Bàbá ti jókòó sórí ẹní, wọ́n ti tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń fi bíríkì funfun kọ́ ṣalángá sí ẹ̀yìnkùlé ilé ọmọ ọlọ́mọ. Ọlidé parí, ọmọ náà lọ, àpò ò lọ. Àbúrò mi pè lórí fóònù, ó ní ọmọ ń béèrè ilé rẹ̀. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Sọ fún un pé ilé náà ò tíì yẹ ní ibi tí èèyàn ń gbé. Tó bá yẹ, màá ránṣẹ́ pè é.”

Láti ìgbà náà, Bàbá ò ṣeé bá sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á wọ aṣọ Jímọ̀ọ̀, wọ́n á lọ sí Ìkòtún lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ẹrù òkìríkà ohun ìṣeré sílẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn tó ń tà á á máa kí wọn: “Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ-ọmọ o!” Bàbá á bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹlòmíì ni wọ́n ń kí.

Ẹ má rò pé ilé jákujàku ni wọ́n ń kọ́ o. Èmi tí mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, mo máa ń gbé ìjókòó wá wò ó. Gówọ̀n Ẹ́sítéètì ló kọ́kọ́ mú òkìkí wọn kàn. Bàbá to àwọn ilé alájà náà ní ẹsẹẹsẹ láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ìdí tẹlifíṣàn, pẹ̀lú àtẹ̀gùn wọn, pẹ̀lú táǹkì omi wọn, pẹ̀lú okùn aṣọ tí wọ́n fi òwú ta, tí wọ́n sì sá àkísà wínníwínní sí. Wọ́n fi ìdérí ìgò ṣe díìṣì sára ògiri. Àwọn ará Gówọ̀n Ẹ́sítéètì fúnra wọn wá wò ó. Obìnrin kan wò ó títí, ló bá pariwo.

“Ẹ wo fèrèsé mi! Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti já?”

“Ẹni tó gbé ibẹ̀ kí o tó kó débẹ̀, mo ti fìwé lé e lọ́wọ́ lórí ẹ̀,” ni Bàbá wí.

Bí ọjọ́ mélòó kan ti kọjá, mo bá Bàbá lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Wọ́n ń fi àmì tí ìjọba máa ń fi sára ilé tó fẹ́ wó sára bíríkì rọ́bà ara wọn. Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àwọn gbàgbé gọ́tà lẹ́yìn ilé tó wà ní ìparí. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọ. Ẹ ṣáà fi gọ́tà sí i, kó tán.” Wọn ò gbọ́. Wọ́n fún ara wọn ní gbèdéke gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, nígbà tó pé, wọ́n wó gbogbo ẹ́sítéètì náà palẹ̀, tàwọn tó ní gọ́tà, tàwọn tí kò ní. Ara ìyàwó ilé kejì ò gbà á, ó wá ń kí Bàbá kú àdánù.

“Àdánù wo? Tí mo bá fojú fo tèmi, kí ni mo fi ń mú tàwọn ará Ìpájà?”

Kí n sọ ti ara mi díẹ̀. Ojo ni mí, ẹ má jẹ́ ká fi bò. Mo bẹ̀rù Bàbá, mo bẹ̀rù lándọ́ọ̀dù, mo bẹ̀rù ọmọńlé. Àmọ́ ẹ̀rù bíríkì rọ́bà tún lọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá tíì fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ ọ̀kan rí, kó má sọ fún mi pé òun mọ ìrora. Tí wọ́n bá ti múná lọ báyìí, ibi tí mo bá wà ni mo máa dúró sí bí olè tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí lójú, títí wọ́n á fi dá a padà. Èmi tí mò ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe o. Tèmi wà ní kọ̀rọ̀, mi ò lè dé ibẹ̀ láìtẹ ilé ẹnìkan.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí afárá Ìyànà-Ìpájà, afárá gbọọrọ tó gba orí àga kan bọ́ sórí ìkejì láìsí nǹkan lábẹ́ ẹ̀. Ata tí ìyá mi ń yan ló wọ imú mi. Mo fi ọwọ́ dí i, mo fi aṣọ dí i. Mo sín. Afárá dà wálẹ̀ wàràwàrà. Mo ti wó sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ kí bíríkì tó kẹ́yìn tó balẹ̀. Bàbá ò pariwo. Wọ́n wo ilẹ̀ pẹ́, wọ́n wá wò mí.

“Jímọ̀, àwọn èèyàn wà lórí afárá yẹn.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú àwọn tí kò sí láyé rí ń tì mí.

Ẹni tó mú kí ọ̀rọ̀ onílé yìí máa dun Bàbá jù ni àbúrò wọn, Bàbá Kékeré, tó ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Kékeré kọ́lé síbẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Gbogbo ọdún Iléyá ni wọ́n ń wá bá wa, wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wo òrùlé, wọ́n á wo ògiri, wọ́n á mí kanlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣì wà nílé onílé?”

Wọ́n á wá jókòó jẹ ẹran wa. Ọdún kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà, bíi pé ó wà nínú ìrun. Bàbá náà lọ kí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yí ilé náà ká pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n wo abẹ́ ibùsùn, wọ́n wo inú àká. Nígbà tí Bàbá Kékeré béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe rí ilé náà sí, Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ilé ẹ dáa. Àwọn eku tó ń gbé ibẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àmọ́ inú mọ́tò tí a wọ̀ bọ̀ wá sí Èkó, Bàbá ń ka òrùlé ilé tí a ń kọjá títí a fi dé. Iléyá tó tẹ̀lé e, Bàbá Kékeré tún bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún wo òrùlé. Ọjọ́ kejì tí wọ́n padà lọ ni Bàbá ní kí n kó àwọn àga pálọ̀ sí kọ̀rídọ̀.

“Fún kí ni, Bàbá?”

“Mo fẹ́ kọ́lé.”

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Bàbá kọ́lé náà fún oṣù mélòó kan o, àwa sì ń jẹun ní kọ̀rídọ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ògiri funfun, òrùlé pupa, bálíkónì tó yí i ká. Tí mo bá dúró tì í, òrùlé rẹ̀ kàn mí láyà. Fèrèsé rẹ̀ ń ṣí, géètì rẹ̀ ń ṣí, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yí bí ìgbín. Tí o bá gbé òrùlé kúrò, wàá rí yàrá gbogbo ọmọ tí Bàbá bí, ibùsùn wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀. Kànga jìnnà sí ṣalángá débi pé ẹni tó bá fẹ́ ti ọ̀kan lọ sí èkejì á sinmi lọ́nà. Gọ́tà ńkọ́? Bàbá da omi kẹ́tù sí i, omi náà yí ilé ká, ó gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wa jáde, ó lọ bá àwọn ará yàrá kejì lórí ẹní. Bàbá pàtẹ́wọ́. Sára fẹ́ǹsì níta, wọ́n fi bírò kọ ọ́ sára páálí kékeré, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ilé káàkiri Alímọ̀ṣọ́: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Wọ́n wá pè mí. Wọ́n ní, “Jímọ̀, ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn. Sọ fún wọn pé ilé mi ti parí, kí wọ́n wá bá mi ṣílé lọ́jọ́ Sátidé.”

“Bàbá, wọ́n á rò pé...”

“N ò ní kó o purọ́. Ohun tí wọ́n bá bi ọ́ ni kó o dáhùn.”

Bàbá Kékeré ni mo kọ́kọ́ pè. Orí fóònù ni o, àmọ́ mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Jímọ̀, kí lo wí? Ẹ̀gbọ́n mi kọ́lé?”

“Wọ́n kọ́lé, sà.”

“Irú ilé wo?”

“Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, sà.”

“Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Níbo?”

“Ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí náà ni, sà.”

“Wọ́n ti kan òrùlé?”

“Wọ́n ti bò ó, sà. Pupa ni.”

“Nígbà wo ni wọ́n rí gbogbo èyí ṣe tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́?”

“Wọ́n ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ ni, sà.”

Ohùn Bàbá Kékeré yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, kí n bá àwọn kí ẹ̀gbọ́n àwọn dáadáa. Dáadáa! Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ẹni tínú rẹ̀ dùn jù nígbà tí ìròyìn náà tàn ni lándọ́ọ̀dù wa, Mukáílà. Ọmọ ẹni tó gba Bàbá sílé níjọ́sí ni. Bàbá rẹ̀ kú, ó jogún ilé. Bàbá ti mọ Mukáílà nígbà tó ṣì ń rìn kiri ní ìhòòhò, wọn ò sì jẹ́ kó sinmi lórí ẹ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sọkawéè tó kún. Nígbà tí Mukáílà gbọ́ pé Bàbá kọ́lé, ó rò pé Bàbá fẹ́ kó jáde nìyẹn. Ó wá kí wọn lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fi sùúrù gbé wọn débẹ̀. Bàbá ṣe àmín.

Sátidé dé. Ìyá mi ti se ìrẹsì láti ìdájí, ojú rẹ̀ le. “Ìwọ àti Bàbá lẹ máa dáhùn o,” ló ń sọ fún mi bó ṣe ń ro ọbẹ̀, “èmi, alásè ni mí.” Bàbá Kékeré dé nínú agbádá, wọ́n gbé fáànù òkè-àjà tuntun nínú páálí wá, kí Bàbá fi sí pálọ̀ tuntun. Ààfáà àdúgbò ìgbà náà dé. Àwọn ará àdúgbò kún kọ̀rídọ̀. Mukáílà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fojú wọn pálọ̀ wa bóyá èèyàn á lè pín in sí méjì. Àárín pálọ̀, nǹkan gàgàrà kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ìyá mi. Kò sẹ́ni tó bi wá.

Bàbá Kékeré ò lè jókòó. “Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò wà níta, ẹ jẹ́ ká máa lọ kí oòrùn tó mú.”

“Lọ síbo?”

“Síbi ilé yín.”

“A ti débẹ̀,” ni Bàbá wí, wọ́n sì fa bẹ́ẹ̀dìṣíìtì.

Ẹ bi mí pé níbo ni mo wà. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni, mo fi ojú kan sí ibi tó ti ya. Mo ti wọ ibẹ̀ kí aṣọ tó kúrò lára ilé. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí obìnrin kan rẹ́rìn-ín kín-kín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rín Bàbá Kékeré bú jáde, ẹ̀rín tó gbọn fìlà bọ́ lórí wọn.

“Ẹ̀gbọ́n! Ilé ọmọláńgidi! Ẹ pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wo ilé ọmọláńgidi!”

Gbogbo pálọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá dúró ti ilé wọn, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn. Wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn rín in tán.

“Iṣẹ́ wọlé-wọlé ni mo ṣe,” ni wọ́n wí. “Mo ti wọ ilé gbogbo yín, mo sì sọ àbùkù ẹ̀ fún yín. Ẹ wọ tèmi. Ẹni tó bá rí àbùkù kan níbẹ̀, kó sọ.”

Bàbá Kékeré ká agbádá sókè, wọ́n kúnlẹ̀ láti fi Bàbá ṣẹ̀sín dáadáa. Wọ́n ṣí géètì. Wọ́n fi ìka wọ gọ́tà. Wọ́n ní kí àwọn tó wà nítòsí gbé òrùlé, wọ́n gbé e. Wọ́n wo yàrá àkọ́kọ́, wọ́n wo ìkejì, ẹ̀rín wọn ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń wò ó. Àwọn tó kù náà ti ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ láti yọjú. Ààfáà bi Bàbá bóyá gbàgede yẹn dojú kọ Kíbúlà. Ó dojú kọ ọ́. Bàbá Kékeré wo gbogbo yàrá tán, wọ́n tún wò ó padà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni wọ́n wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “yàrá wo ni tèmi?”

“O ti nílé. Kí lo ń wá nílé onílé?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì, mo rántí ibi tí mo wà, mo ká ọwọ́ mi wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá Kékeré lára. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún, wọ́n dé fìlà wọn. Bí wọ́n bá fi mọ síbẹ̀, ì bá dáa, àmọ́ ọmọ ìyá Bàbá ni wọ́n.

“Ilé rèé lóòótọ́,” ni wọ́n wí. “Mi ò rí àbùkù ẹ̀. Àmọ́ ìyẹn ò sọ yín di onílé o, Ẹ̀gbọ́n. Onílé máa ń ní ilẹ̀. Ilẹ̀ yín dà?”

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí Bàbá tí wọn ò rí èsì fọ̀. Wọ́n wo ilẹ̀ símẹ́ńtì tó wà lábẹ́ ilé wọn bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ìyá mi gbé abọ́ ìrẹsì wọlé, ó rí ojú bàbá rẹ̀, ló bá gbé e padà jáde. Ààfáà ń wúkọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà. Bàbá Kékeré ti gbé fáànù wọn padà sábẹ́ apá, wọ́n mú bàtà lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni Mukáílà ya ogunlọ́gọ̀ wọlé. Láti ìgbà tí aṣọ ti kúrò lára ilé ni inú ti ń bí i. Ó ti bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ pé yàrá fẹ́ ṣófo. Ó wá rí i pé kì í ṣe pé Bàbá ò ní kó jáde nìkan, ilé mìíràn ti wà nínú ilé òun.

“Kí lèyí, Bàbá? Ẹ lọ kọ́ odidi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ilẹ̀ bàbá mi? Ẹ ò gbàṣẹ, ẹ ò bi èèyàn? Ta ló ta ilẹ̀ fún yín?”

Ẹni tí kò bá gbé Alímọ̀ṣọ́ lè máà mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí. Jẹ́ kí èèyàn ṣáà da yanrìn kan sílẹ̀ fún ilé kíkọ́, kí ìpìlẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ á ti dé, ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ bi í nìyẹn: ta ló ta ilẹ̀ fún ọ? Wọn kì í bi ayálégbé. Kò sẹ́ni tó bi ayálégbé rí.

Mo yọjú lẹ́yìn kọ́tìnì. Ojú Bàbá ń tàn bí ojú ọkọ ìyàwó.

“Mukáílà,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, “tún un sọ.”

“Mo ní ta ló ta ilẹ̀ fún yín!”

“Sọ ọ́ sókè. Àbúrò mi ò gbọ́ dáadáa.”

“TA LÓ TA ILẸ̀ FÚN YÍN?” Gbogbo kọ̀rídọ̀ gbọ́. Mo rò pé Gówọ̀n Ẹ́sítéètì náà á gbọ́.

Bàbá yíjú sí Bàbá Kékeré, tí bàtà wọn ṣì wà lọ́wọ́. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó ti ilé wọn, wọ́n na ẹsẹ̀.

“Jímọ̀, jáde lẹ́yìn kọ́tìnì, bu omi fún ọmọ onílẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ ti délé wa.”

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Ààfáà tẹ̀lé e. Bàbá Kékeré dúró pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n gbé fáànù náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìrẹsì tán pátápátá lọ́jọ́ náà. Mukáílà mu omi. Kí ló fẹ́ ṣe?

Bàbá fi ẹjọ́ náà gbádùn ìyókù ayé wọn. Bí Mukáílà bá ránṣẹ́ pé kí wọ́n wó ilé náà, Bàbá á ní kí ó mú ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wá ká wò ó. Tí wọ́n bá jáde kírun ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ti máa kérora fún gbogbo ẹni tó bá dúró: “Ẹ ò rí i bí àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣe ń yọ mí lẹ́nu? Kò rọrùn láti nílé ní Èkó o.” Inú wọn dùn débi pé wọ́n dáwọ́ ìwé ìkìlọ̀ sọkawéè dúró. Ojú oorun ọ̀sán ni wọ́n kú sí, nínú pálọ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, ẹjọ́ náà ò sì tíì parí.

Lẹ́yìn fídáù, nígbà tí kánópì ti kúrò nílẹ̀, Mukáílà wá kan ìlẹ̀kùn. Ó bá èmi nìkan nílé. Ó kí mi kú ará-fẹ́ra-kù, ó wo ilé rọ́bà tó wà lẹ́yìn mi, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó tún le.

“Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀,” ló wí, “onílé ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀yin ọmọ onílé ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa kó ilé bàbá yín kúrò lórí ilẹ̀ mi?”

Onílé. Ó sọ ọ́, kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Gbogbo ara mi ní kí n dọ̀bálẹ̀, kí n ní ẹ má bínú, à ń kó o lọ.

“Lọ pe lọ́yà ẹ,” ni mo wí, mo sì ti ìlẹ̀kùn kíá, mo lọ dúró sẹ́yìn kọ́tìnì.